ỌJỌ́ ÌSINMI NÍ ILẸ̀ Ẹ̀GBÁ: ILÉ NI Ó GBÉ E RÓ

Ẹnikẹ́ni tí a bá tọ́ dàgbà nínú ilé onígbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta mọ bí Ọjọ́ Ìsinmi ti ń rí. Ó mọ̀ ọ́n nípa ìró agogo, nípa òórùn aṣọ tí a fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀, nípa ìrẹsì tí a kì í jẹ ní ọjọ́ Ajé, àti nípa ìbéèrè tí baba máa ń bi àwọn ọmọ nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọjọ́ náà ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rò pé ó ti wà láti ìgbà tí Ṣódẹkẹ́ ti kó àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ní ìtàn ní ìlú wa, ìtàn náà sì ní ẹkún nínú.

Bí a bá bi àwọn ọmọ wa léèrè pé ta ni ó mú ọjọ́ náà wá, wọn a yára dáhùn pé àwọn òyìnbó ajíyìnrere ni. Ìdáhùn yìí ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Àwọn òyìnbó wá, àwọn òyìnbó lọ. Ní ìgbà kan ẹ̀wẹ̀, a lé wọn jáde ní ìlú. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ìsinmi kò bá wọn lọ. Èrò tiwa ni pé inú ilé ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: lọ́dọ̀ baba tí ń gbàdúrà, lọ́dọ̀ ìyá tí ó fi ọjà sílẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ó jókòó yí wọn ká. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí nìyẹn, kí àwa tí a wà nílé àti ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ lè mọ iye tí a fi ra ohun tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́.

ÀWỌN TÍ OGUN TÚ KÁ

Kí Abẹ́òkúta tó wà, ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kó lẹ́rú, tí a sì tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ láti máa pa ọjọ́ kan mọ́ nínú méje. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí kò ní baba tàbí ìyá nítòsí a máa jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá kan náà. Ní 1844 ni Samuel Ajayi Crowther bẹ̀rẹ̀ sí wàásù fún wọn ní èdè Yorùbá ní Freetown.

Ní òpin ọdún 1830 sí 1840, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Ọ̀nà Àgbádárìgì ni púpọ̀ nínú wọn gbà. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn ará ilé sì ń pè wọ́n ní Sàró. Ní Oṣù Kejìlá, 1842, Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Wẹ́sílì, wá bẹ̀ wọ́n wò. Ní Oṣù Kìíní, 1843, Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé pẹ̀lú Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti tà lẹ́rú rí. Kì í ṣe pé àwọn òjíṣẹ́ wọ̀nyí wá wá ìjọ kiri; àwọn ọmọ ìjọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Láàárín 1843 sí 1846, kò sí òyìnbó ajíyìnrere kan tí ó ń gbé Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn, nínú ilé ara rẹ̀ ni ó ti pa á mọ́.

Ní Oṣù Kẹjọ, 1846, Townsend àti Crowther wá láti máa gbé láàárín wa. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù náà gan-an, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún un gbé yẹ̀ wò. Ní 1821 ni a kó Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn, nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó dé Abẹ́òkúta tí òun àti ìyá rẹ̀, Afala, fi tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25. Ní Oṣù Kejì, 1848, Afala wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah, nítorí Hannah ni orúkọ ìyá Samuel nínú Bíbélì.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Nígbà tí ìyá àgbà yìí bá jókòó ní ilé ìsìn, tí ọmọ rẹ̀ sì dúró níwájú tí ó ń wàásù, kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìdílé tí ogun ti tú ká ni ó tún péjọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìjọsìn àti ìdílé ti so pọ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ẹ̀gbá. Ẹni tí ó bá yà wọ́n nípa kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

ỌRÚN ÀTI ỌJỌ́ KẸJỌ

Ìṣòro kìíní tí Ọjọ́ Ìsinmi bá pàdé ní ìlú wa kì í ṣe ti òrìṣà. Ti ọjà ni. Àwọn baba wa kò ka ọjọ́ ní méje-méje. Ọrún ni wọ́n fi ń ná ọjà. Bí a bá ná ọjà lónìí, a ó ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni a ó sì tún ná an. Èyí ni pé ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láti ọjà kan sí èkejì. Bákan náà ni a ṣe ń ka Ọjọ́ Ìsinmi: láti ọ̀kan sí èkejì, a ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni.

Wàyí o, mẹ́rin àti méje kì í bára wọn rìn. Ẹni tí ó bá ní ìṣirò lọ́wọ́ yóò rí i pé láàárín ọjọ́ 28, ìgbà méje ni a ó ná ọjà kan, ọ̀kan nínú ìgbà méje náà yóò sì bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi. Obìnrin tí ó bá jẹ́ onígbàgbọ́, tí ó sì ń ta aṣọ, epo, tàbí iyọ̀, yóò pàdánù ọjà kan nínú méje. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kékeré wo èyí. Ọjọ́ ọjà ni àwọn oníbàárà ti oko ń wá. Ẹni tí kò bá sí ní ìsọ̀ rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ a yà sí ti aládùúgbò, ó sì lè má padà mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó fi ìdí ìjọ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò tọ́ kí a dárúkọ àwọn àlùfáà nìkan. Ìyá tí ó di ẹrù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé títí di ọjọ́ Ajé, òun náà san owó orí ilé ìsìn tí a ń fi ṣe yangàn. A kò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri.

NÍGBÀ TÍ ILÉ DÌDE SÍ ILÉ

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Kì í ṣe ẹnì kan ni ó ni ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹbí ni ó ni ín. Nígbà tí ọmọ ilé kan bá sọ pé òun kò ní bá wọn bọ ohun tí ilé ń bọ mọ́, tí kò sì ní dá owó sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni ó sọ. Ó ti fa okùn ẹbí já, lójú àwọn àgbà. Bí àìsàn bá dé, tàbí tí òjò bá kọ̀, ta ni a ó di ẹ̀bi rù? Èyí ni ó fa ìyà 1849. Ní ọdún náà, a mú àwọn onígbàgbọ́ kan ní àwọn àdúgbò bí Ìgbórè àti Ìtòkú, a fi ẹsẹ̀ wọn sínú àbà, a sì nà wọ́n kí wọ́n lè kọ ẹ̀sìn titun náà sílẹ̀. Àwọn tí ó jẹ wọ́n níyà kì í ṣe àjèjì. Ará ilé wọn ni, àna wọn ni, ọ̀rẹ́ baba wọn ni.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo Ẹ̀gbá mọ orúkọ rẹ̀. Ní Ìgbẹ̀ìn, ahunṣọ kan wà tí à ń pè ní Likoye Kuti. Ọkùnrin yìí kò tẹ́wọ́ gba ẹ̀sìn Krístì. Ṣùgbọ́n aya rẹ̀, Anne, ti di onígbàgbọ́ ní 1848. Nínú ilé tí baba wà ní ọ̀nà kan, tí ìyá wà ní ọ̀nà kejì, ni a bí Josiah Jesse sí ní 1855, ẹni tí ó wá di Canon J. J. Ransome-Kuti. Ṣé baba ni ó mú un lọ sí ilé ìsìn? Ìyá ni. Bí a bá sì ṣe ìwádìí káàkiri àwọn ilé ńlá wa, a ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ibi púpọ̀: ìyá ni ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tẹ̀lé e, baba ṣì jókòó sí ìloro.

Ohun tí ó fa ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ra ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ìwé. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àgbàlagbà àti ọmọdé a jọ jókòó ti Ìwé A B D. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti yi nípa ọkọ́ a máa fi ìka tọ ẹsẹ̀ lẹ́tà, ọmọ rẹ̀ a sì máa tọ́ ọ sọ́nà. A kò tíì rí irú rẹ̀ rí kí ọmọ jẹ́ olùkọ́ baba ní gbangba, kí baba má sì bínú. Ní 1850 ni a tẹ Ìwé Róòmù tí Crowther túmọ̀. Ní 1854 Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1859 sì ni Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Àwọn tí ó kà á, púpọ̀ nínú wọn, ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n kà.

ỌJỌ́ ÌSINMI IFỌ́LÉ

Ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Láti ìgbà náà ni àárín Ẹ̀gbá àti Gómìnà Èkó kò ti gún mọ́. Ọ̀rọ̀ ààlà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó bodè wà níbẹ̀, Gómìnà Glover sì rán àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ sí ibi tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ wọn. Àwọn olóyè Ẹ̀gbá, tí Baṣọ̀run Ṣómoyè ṣe olórí wọn, wo òyìnbó tí ó wà ní Èkó, wọ́n wo òyìnbó tí ó wà ní ilé ìsìn, wọ́n sì sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. A kò lè sọ pé kò sí ìdí fún ìbínú wọn. Ẹni tí a ń já ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi ara balẹ̀ ya ọ̀tá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ọjọ́ tí ìbínú náà bú jáde ni ọjọ́ 13 Oṣù Kẹwàá, 1867. Ọjọ́ Ìsinmi ni. A kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sìn ní ilé ìsìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn ya wọ ilé ìsìn àti ilé àwọn ajíyìnrere. Wọ́n kó ohun tí ó ṣeé kó, wọ́n fọ́ èyí tí kò ṣeé kó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pàápàá kò sì yọ nínú rẹ̀. Ìwé Ìròyìn dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọdún náà ní ọdún Ifọ́lé. Àwọn òyìnbó jáde ní ìlú. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá kan bá wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀dó sí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù sílé pọ̀ ju àwọn tí ó lọ. Ìgbà yìí ni a rí ẹ̀rí èrò wa gan-an. Agogo ti lọ, àga ti lọ, òyìnbó ti lọ. Ọjọ́ kẹjọ Ifọ́lé pé, Ọjọ́ Ìsinmi tún dé. Àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú bí William Moore ti Òṣíẹ̀lẹ̀ di ìjọ mú. John Okenla, Balógun àwọn onígbàgbọ́, ṣì wà nílé, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ṣì ń bá ìlú jà nígbà tí ogun bá dé, títí ó fi kú ní 1882. Nípa báyìí ni àwọn ará ìlú fi rí i pé ènìyàn lè jẹ́ onígbàgbọ́, kí ó sì jẹ́ ojúlówó Ẹ̀gbá. Bí ìjọ bá jẹ́ ti òyìnbó nìkan ni, 1867 ni ì bá ti parí.

A kò ní fi ìtàn ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ilé àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí, gbogbo ẹni tí ó wà lábẹ́ òrùlé kọ́ ni ó jẹ́ ọmọ. Ẹrú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà wà níbẹ̀. Nígbà tí James Johnson wá ṣe alábòójútó ìjọ C.M.S. ní Abẹ́òkúta ní 1877, ó bá àwọn ọmọ ìjọ wí lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ti aya púpọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà ìjọ wọn sí i. Àwọn ènìyàn bínú sí i, a sì gbé e kúrò ní 1880. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó mú wá kò kúrò: báwo ni olórí ilé ṣe lè máa yọ̀ pé Olúwa fún òun ní ọjọ́ ìsinmi, kí ẹlòmíràn nínú ilé kan náà má sì ní òmìnira? Ó yẹ kí àwa tí a jẹ́ ọmọ wọn rántí ìbéèrè náà nígbà tí a bá ń kọrin ìyìn àwọn baba.

ỌJỌ́ NÁÀ LÁTI ÌDÁJÍ DÉ ALẸ́

Ní òpin ọ̀rúndún náà, afẹ́fẹ́ rọ̀. Ní 1880 ni ìjọ Àgùdà ti wọ ìlú, àwọn onítẹ̀bọmi tí ogun lé kúrò ní Ìjàyè ní 1862 sì ti ní àdúgbò tiwọn láàárín wa. Ní 1884 a parí ìtumọ̀ Bíbélì ní èdè wa. Ní 1898 ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Aké, tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1846, di ilé tí a ń rí títí di òní. Nígbà tí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1901, ó wá ṣeé ṣe fún ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti wálé ní ọjọ́ kẹfà, kí ó bá àwọn òbí rẹ̀ sìn ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà títí di àárín ọ̀rúndún ogún ni Ọjọ́ Ìsinmi gba àwòrán tí àwọn àgbà inú wa fi mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin a pọn omi, wọn a sì kun bàtà. Àwọn ọmọbìnrin a lọ ata lórí ọlọ, wọn a sì di irun. Ẹnì kan a máa fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, ẹ̀rù a sì máa bà á kí ẹ̀ṣẹ́ iná má baà ta sí aṣọ baba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, igi ìdáná ti wà nílẹ̀, nítorí a kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró àáké ní ọjọ́ kejì.

Ní ìdájí, baba a lu ìlẹ̀kùn: "Ẹ dìde, ẹ wá gbàdúrà." A ó kọrin, a ó ka Bíbélì ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọ tí kò bá sì lè kà á yóò tún un sọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ àti àkàrà, agogo kìíní a dún. Nígbà tí agogo kejì bá fi máa dún, gbogbo ilé ti wà lójú ọ̀nà: baba níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ìyá pẹ̀lú ìborùn àti ìwé orin, àwọn ọmọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, owó ìgbọrẹ nínú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Olúkúlùkù ìdílé ní ìjókòó tirẹ̀. Bí àyè kan bá ṣófo, gbogbo ìjọ a ti mọ̀, kí ó sì tó di ọ̀sán Ìyá Ìjọ a ti dé ilé náà láti béèrè bóyá kò sí.

Bí a bá jáde, ìkíni a gba gbogbo ọgbà kan: "Ẹ kú ìsìn o." "A kú ọjọ́ ìsinmi." Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Ní ọjọ́ mìíràn, olúkúlùkù a máa jẹ láfún tirẹ̀ ní àkókò tí ó bá ti oko tàbí ọjà dé. Ọjọ́ yìí nìkan ni gbogbo wa ń jẹun pọ̀. Kí baba tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹran ni ó máa ń béèrè pé, "Níbo ni àlùfáà ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀? Kí ni ó wí?" Ọmọ tí ó bá sùn ní ìdí ìwàásù a mọ ara rẹ̀ ní ojú abọ́. Àwa tí a bi ní ìbéèrè yìí, a kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Òun ni ó kọ́ wa láti fetí sílẹ̀, òun náà ni ó sì kọ́ wa láti dìde sọ̀rọ̀ níwájú àgbà.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan. Ọjọ́ ìsinmi ni fún gbogbo ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ìsinmi rẹ̀ kéré jù nínú ilé ni ìyá. Òun ni ó kọ́kọ́ jí, òun ni ó kẹ́yìn jókòó. Bí a bá ń yin ọjọ́ náà, kí á yin ọwọ́ tí ó ṣe é.

Ní ọ̀sán, ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbẹ̀wò sí àwọn ìyá àgbà àti baba àgbà, lẹ́yìn èyí ni ìsìn alẹ́. Nínú ilé tí ó bá ní ẹ̀rọ agbóhùn, a lè gbọ́ ohùn Canon Ransome-Kuti, ẹni tí ó kọ orin sínú àwo ní London ní 1922. Ọkùnrin yìí, ọmọ ahunṣọ Ìgbẹ̀ìn, fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn, ó sì fà ọ̀pọ̀ ẹni tí ìwàásù kò lè fà. Bóyá nítorí pé ó dàgbà nínú ilé tí kò fi ohùn kan sìn ni ó fi mọ orin tí gbogbo ilé lè gbè.

Nínú ìbẹ̀wò ọ̀sán yìí ni àlàáfíà tí àwọn ará 1849 kò rí ti wá. A ó kí ẹ̀gbọ́n baba wa tí ó jẹ́ mùsùlùmí, a ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà tí ó ṣì ń bọ òrìṣà rẹ̀, a ó sì gbé oúnjẹ dání fún wọn. Bí Iléyá bá dé, ẹran wọn a dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá ń ṣe Ìkórè, wọn a wọ aṣọ ẹbí, wọn a sì bá wa jókòó. Ọjọ́ tí ó ti pín ẹbí ní àtètèkọ́ṣe ni ó wá di ọjọ́ tí a fi ń wá ẹbí kiri.

NÍ ÌSINSÌNYÍ

Kì í ṣe pé a fẹ́ máa sunkún ìgbà àtijọ́. Ilé ìsìn kò ṣófo ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n pọ̀ sí i ju ti ìgbà kí ìgbà lọ. Ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti gbogbo ayé ni ó ń péjọ sí ibùdó àwọn ìjọ ńláńlá. Ohun tí ó ń dínkù ni ìdajì kejì ọjọ́ náà. Baba lọ sí ìjọ kan, ìyá lọ sí òmíràn, àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀kẹta. Olúkúlùkù a dé ní wákàtí tirẹ̀, a bu oúnjẹ tirẹ̀, a sì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìléwọ́ tirẹ̀. Ìsìn ti gùn sí i, tábìlì sì ti ṣófo.

Ní Oṣù Kẹrin, 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba sé ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́lé, a tún rí Ọjọ́ Ìsinmi tí ìlẹ̀kùn ilé ìsìn wà ní títì. Àjíǹde pàápàá kọjá bẹ́ẹ̀. Ilé tí ó ti ní àṣà àdúrà tẹ́lẹ̀ gbé ìsìn kalẹ̀ láàárín ara rẹ̀. Ilé tí kò ní in, ó ṣòro fún un láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ 1867 ni a tún kọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọ́ ilé wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò nira. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí á dá oúnjẹ ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi padà, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí á sì bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè tí a bi wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, agogo yín àti ti Abẹ́òkúta kò fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀ síra ní ìgbàkígbà nínú ọdún; ẹ lè ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kí ẹ sì bá ìyá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí òun náà ń bọ́ gèlè. Ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ kí ẹ sì fi ohùn pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀sán tiwa ni òwúrọ̀ yín. Ẹ pè wá kí ẹ tó jáde.

Ohun kan ṣì kù, a sì fẹ́ kí Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú wa mú un ní ọ̀kúnkúndùn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, Bíbélì àtijọ́ kan wà tí àwọn baba máa ń kọ ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìrìbọmi, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ikú àwọn ará ilé sí ojú ewé rẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Ní ilé mìíràn, òun ni ìwé kan ṣoṣo tí ó mọ orúkọ ìyá àgbà wa kí a tó sọ ọ́ ní orúkọ ìrìbọmi. Ikán ń jẹ ìwé wọ̀nyí. A ń dà wọ́n nù nígbà tí a bá ń tún ilé kùn. Kí olúkúlùkù ìdílé wá tirẹ̀ rí kí ọdún yìí tó parí, kí a ṣe àdàkọ rẹ̀, kí á sì kó àdàkọ náà wá fún Ẹgbẹ́ láti tọ́jú.

Àwọn tí a kó lọ láìfẹ́ padà wá wá ìyá wọn. Kò yẹ kí àwa tí a lọ nípa ìfẹ́ inú wa gbàgbé orúkọ wọn. Ẹ wá Bíbélì náà, ẹ nu eruku ara rẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ kà á sí wọn létí. Bí ẹ bá sì kà á dé ibi tí ó parí sí, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó kù sí i.